Mo Ti Yó, Ẹ Ṣé

Mo rántí ìgbà tí ebi ń pa mí láàárín oúnjẹ ní Àbújá. Kì í ṣe pé n kò rówó jẹun, n kò sì gbààwẹ̀. Oúnjẹ wà níwájú mi, àwọn tó ni ín ń pè mí tẹ̀rín-tẹ̀rín, ikùn mi ń kùn bí ẹ̀rọ ọlọ, ẹnu mi ni kò gbà. Ẹnu náà ti gba ẹ̀kọ́ láti ilé kí n tó dé Àbújá, kò sì bìkítà pé a ti kó kúrò níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti tọ́ mi. Ìyá mi kì í fi ẹnu bá ọmọ wí lójú àlejò, ojú ló fi ń sọ̀rọ̀. Bí a bá lọ kí ènìyàn, tí onílé bá ní kí wọ́n gbé nǹkan fún ọmọ yìí jẹ, n kò ní í wo oúnjẹ náà rárá, ojú ìyá mi ni màá wò. Ojú náà á kàn yí díẹ̀, bíi ti ẹni tí eruku kó sí lójú, mo ti mọ ohun tó ń wí. Màá kúnlẹ̀, màá ní, "Ẹ ṣé mà, mo ti yó." Onílé mọ̀ pé irọ́ ni. Ìyá mi mọ̀. Èmi tí mo ń gbé itọ́ mì wá mọ̀ jù wọ́n lọ. Onílé á ní, "O yó kẹ̀? Kí lo jẹ? Wá jókòó jàre." Màá tún kọ̀. Ó di ìgbà tí wọ́n bá pè mí títí kí ìyá mi tó la ẹnu pé, "Gbà á, kí o sì dúpẹ́." Nígbà náà ni màá jókòó, tí màá jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi tipátipá bẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, rárá àkọ́kọ́ kì í ṣe rárá, ara ìkíni ni. Ọmọ tó bá na ọwọ́ ní ìpè àkọ́kọ́, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, nítorí ọ̀kánjúwà àti olè, déédé ni wọ́n jẹ́. Gbogbo àdúgbò ló ń yìn mí pé mo mọjú, ìyìn náà sì ń dùn mọ́ mi ju ẹran lọ.

Lẹ́yìn tí mo ṣe agùnbánirọ̀ tán, mo ríṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Àbújá, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ní Lugbe. Obìnrin ará Bẹ́núé kan ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi níbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó ṣí kúlà oúnjẹ rẹ̀, iyán ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Ó ní kí n wá bá òun jẹ ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní mo ti yó. Ó ní kò burú, ó ki ọwọ́ bọ iyán. Mo tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà, mo ń dúró de ìpè kejì. Obìnrin náà jẹ iyán tán, ó lá ọwọ́, ó fọ kúlà, ìpè kejì kò dé. Mo pinnu lọ́kàn mi pé ahun ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ mẹ́gáàdì iléeṣẹ́ wa, bàbá Haúsá tó máa ń po fúrá mọ́ wàrà ní ẹnu ọ̀nà. Ó gbé igbá sókè sí mi, mo ní mo ti yó, ó ní, "Tò, sànnu," ìyẹn ni pé kò burú, ó sì gbé igbá náà kanrí. Èyí tó wá burú jù ni ti ọ̀gá wa. Òjò ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, mo dúró ní ìkóríta Galadimawa, ọkọ̀ kankan kò fẹ́ gbé èrò. Ọ̀gá dúró, ó sọ gíláàsì sílẹ̀, ó ní òun ń lọ sí ọ̀nà Lugbe, kí n wọlé. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ létí títì, mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu sà, ẹnìkan ń bọ̀ wá gbé mi. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń bọ̀ wá gbé mi láyé yìí. Ọ̀gá ní ó dáa, ó ti gíláàsì, ó lọ. Òjò náà wá dé, ó pa mí títí mo fi dé ilé, inú mi sì ń dùn díẹ̀ pé mo hùwà ọmọlúàbí.

Ọ̀gá yìí kan náà ló fẹ́ràn àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì kan ju gbogbo ìyókù lọ. Tó bá rí akọ̀wé àgbà wa tó fi itọ́ ra ìka kó tó ṣí ojú fóònù, bí ẹni tó fẹ́ ṣí ìwé, á mi orí, á ní, "Old habits die hard." Ohun tí àwọn òyìnbó ní lọ́kàn ni pé àṣà tó bá ti pẹ́ lára ènìyàn, ikú rẹ̀ máa ń le. O lè pinnu, o lè búra, o lè kó kúrò nílùú, àṣà náà á di ẹrù tirẹ̀, á bá ọ wọkọ̀. Àwọn àgbà tiwa sọ pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. N kò tètè fura pé ọ̀rọ̀ òyìnbó yìí, ẹlòmíràn ni ènìyàn máa ń lò ó fún, kì í sábà lò ó fún ara rẹ̀. Èmi náà gbé e délé, mo ń lò ó fún àǹtí mi. Omi ẹ̀rọ ń yọ nílé rẹ̀ tàárọ̀-talẹ́, síbẹ̀ tó bá ti gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ àwọn tó ń ti omi kiri, á sáré jáde lọ rà á, á rọ ọ́ sí gbogbo abọ́, títí kan ìkòkò ọbẹ̀, torí ìyà omi tó jẹ ẹ́ ní Ìbàdàn nígbà èwe rẹ̀. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bí olùkọ́, màá ní, "Old habits die hard, mà." Àǹtí mi á wò mí láti òkè délẹ̀, á ní, "Rọra o. Tìẹ náà ń bọ̀."

Tèmi dé lóòótọ́, ó sì gba ọ̀nà Kuje wá. Ọkùnrin kan wà ní iléeṣẹ́ wa, awọnlẹ̀ ni, ọmọ Gbàgyí, ọmọ onílẹ̀ gan-an, tí àwọn baba rẹ̀ ti ń gbin iṣu sí ilẹ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní olú-ìlú. Ó ga, ó dúdú, ó máa ń rìn bí ẹni pé kò sí ibi tí kò ní í dé. Gẹ̀ẹ́sì la ń sọ síra wa, pẹ̀lú ìwọ̀nba Yorùbá tó kọ́ lọ́wọ́ àwọn ará ọjà. Ohun tó yà mí lẹ́nu nípa rẹ̀ ni pé ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ̀ ló máa ń sọ, ohun tí o bá sì sọ fún un ló máa ń gbà gbọ́. Lọ́jọ́ kan ó ra àgbàdo sísun ní ẹnu géètì, ó na ọ̀kan sí mi. Mo ní mo ti yó. Ó fún mẹ́gáàdì. Nígbà tí mo rí i pé ó ti wọlé, mo yọ́ padà lọ bá obìnrin tó ń sun àgbàdo, mo ra tèmi, mo kọjú sí ògiri, mo ń gé e jẹ kíkankíkan. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi: "Ṣé o ní o ti yó?" Àgbàdo wà ní eyín mi, ó wà ní àgbọ̀n mi. Mo ní, "Ebi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ọjọ́ yẹn ni ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lára, tòun ti àgbàdo lẹ́nu.

Láti ìgbà náà ni a ti jọ ń wọkọ̀ lọ sílé. Ọkọ̀ Kuje máa ń kọjá ní Lugbe, a máa jókòó pọ̀ lẹ́yìn, àwọn èrò á fún wa mọ́ra wọn, kò sì dùn mí. Inú mi máa ń dùn tí ọ̀nà bá dí. Mo máa ń gbàdúrà pé kí ọ̀nà dí, èmi tí mo ń bú ọ̀nà yẹn tẹ́lẹ̀. Bí mo bá délé, màá máa kọrin ṣáá láìnídìí, àǹtí mi á ní ṣé orí mi pé báyìí. Mo ní ó pé. Orí mi kò pé rárá ní ọjọ́ wọnnì, mo kàn ń yọ̀ kiri ni.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bá mi sọ̀kalẹ̀ ní Lugbe. A dúró lábẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀, àwọn tó ń ta ọsàn wà lọ́tùn-ún, kòńdọ́ ń pariwo lósì. Kò kúnlẹ̀, kò mú òrùka jáde, kò fi ọ̀rọ̀ yí po. Ó ní, "Mo fẹ́ fẹ́ ọ. Ṣé o máa fẹ́ mi?" Gbogbo ara mi ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, láti orí dé ìka ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọmọbìnrin tó mọ iyì ara rẹ̀ kì í dáhùn lọ́jọ́ tí ọkùnrin bá kọ́kọ́ béèrè. Ọkùnrin á lọ, á bọ̀, á rán ọ̀rẹ́, á bẹ àǹtí, àní láyé àtijọ́, wọ́n ń san owó ìṣíhùn kí ọmọbìnrin tó la ẹnu. Ẹnu mi ti mọ ọ̀nà yẹn, kò dúró gbọ́ tara. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ní, "Ẹ ṣé o. Ẹ má ṣèyọnu." Mo tún rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, bí mo ṣe rẹ́rìn-ín sí iyán obìnrin Bẹ́núé.

Ó ní, "Tò. Mo ti gbọ́." Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Kuje, ọkọ̀ náà sì gbé e lọ.

Mo fò délé bí ẹyẹ. Mo rò pé ọ̀la ló máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, mo tilẹ̀ ti ń yan aṣọ tí màá wọ̀ kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ròyìn fún àǹtí mi nídìí ìkòkò. Ó sọ ìpọnbẹ̀ sílẹ̀. "Ọkùnrin ní kí o fẹ́ òun, o ní kó má ṣèyọnu?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ṣebí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àǹtí mi fa àpótí, ó jókòó. Ó ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ará Kuje lo sọ ọ́ fún. Ará Kuje gbọ́ ohun tí o sọ."

Òótọ́ ló sọ. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà kí mi dáadáa, ó béèrè àlàáfíà mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò bínú, kò yan odì, ìyẹn gan-an ló ń pa mí. Ká ní ó bínú ni, ǹ bá mọ̀ pé ó ń dúró de nǹkan. Ó ń wọ ọkọ̀ tirẹ̀ lọ sílé, mo ń wọ tèmi, ọ̀nà kò dí mọ́, bí ẹni pé ó mọ̀. Èmi náà kò lè lọ bá a, nítorí obìnrin kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ọkọ lọ, ojú ìyá mi tún ń yí lọ́kàn mi. Bẹ́ẹ̀ la wà títí mẹ́gáàdì fi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ kan. "Kai, àǹtí," ló wí, "ọ̀rẹ́ yín ń kó ẹrù o. Ó ti ní kí wọ́n gbé òun lọ sí Minna. Wọ́n ti gbà." Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ó na igbá fúrá sí mi, mo ní mo ti yó, ó sì mu ún.

Ọjọ́ yẹn ni mo sunkún sí àǹtí mi lára. Ó gbé fóònù, ó pe ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi tó ní, "Ó ṣe dáadáa. Jẹ́ kó padà wá bẹ̀ ẹ́." Àǹtí mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọn kì í padà wá níbí." Ìyá mi wá ní kó gbé fóònù fún mi. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó ní, "Kí lo wá ń ṣe ní Lugbe?"

Àǹtí mi kò jẹ́ kí n lọ sí Kuje láìṣe ìdánrawò. Ní àárọ̀ Sátidé, ó jókòó sórí àga bí ìyá ọkọ, ó ń nawọ́ nǹkan sí mi, iṣẹ́ mi sì ni kí n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó na ẹ̀kọ, mo ní mo ti yó. Ó na ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo ní kó má ṣèyọnu. Ó bu omi fún mi, mo ní mo ti yó. Ó ní, "Ta ló ń yó omi?" A rẹ́rìn-ín títí omi fi dà sí wa lára. Nígbà tó yá, ẹnu mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó ní kí n má jẹ́ kó tutù, kí n máa fi kọ́ra dé Kuje. Mo gbọ́ràn jù. Kòńdọ́ ní ṣé mo fẹ́ jókòó síwájú, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ tó ń ta ẹ̀pà ní ṣé màá rà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí mo fi máa la ọjà Kuje kọjá, mo ti ra ẹ̀pà, mo ti ra ìgbálẹ̀, adìyẹ kan sì wà ní apá mi tó ń wò mí bí ẹni pé òun náà fẹ́ mọ ibi tí à ń lọ.

Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà wọn nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti oko bọ̀, ó gbé ẹrù igi lé èjìká, nítorí àwọn obìnrin Gbàgyí kì í ru ẹrù lórí. Ó wo adìyẹ, ó wo ìgbálẹ̀, ó wò mí, ó fi Haúsá kí mi káàbọ̀, ó ní, "Sànnu da zuwa." Mo kúnlẹ̀, adìyẹ náà bá mi kúnlẹ̀. Ọkùnrin náà jáde láti inú ilé, àpótí ẹrù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo rí ẹ̀wù rẹ̀ níbẹ̀, tó ti ká a. Ó ní, "Ṣé kò sí nǹkan?" Gbogbo ohun tí mo kọ́ sórí láti Lugbe fò lọ. Mo ní mo wá kí ìyá ni.

Ìyá gba adìyẹ, ó wọlé, ó gbé oúnjẹ jáde sórí àtẹ: túwó àti ọbẹ̀ kúkà, èéfín ń yọ lára rẹ̀. N kò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀, nítorí ìbẹ̀rù. Ìyá sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, ọmọ rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ pé kí n wá jẹun. Gbogbo ilé ń wò mí. Mo la ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀ ni, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Ohun tó jáde ni, "Ẹ ṣé mà, mo ti yó."

Ọmọ rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kò fi kún un, kò yọ kúrò. Ìyá náà mi orí, ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àtẹ. Bí mo ṣe rí i tí àtẹ náà ń kúrò nílẹ̀, mo mọ̀ pé kì í ṣe túwó nìkan ló ń lọ. Ipò ìyàwó nínú ilé yẹn ló ń lọ, àgbàdo ni, ọkọ̀ Kuje ni, gbogbo ayé mi ló wà lórí àtẹ tí wọ́n ń gbé wọlé. Mo dìde, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú. Mo ní, "Irọ́ ni mo pa. Ebi ń pa mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ." Ìyá fà á sọ́hùn-ún nítorí ẹ̀rù, mo fà á síbí. Mo kọjú sí ọmọ rẹ̀, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tí o sọ lábẹ́ afárá náà, bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti ní bẹ́ẹ̀ ni lọ́kàn mi lọ́jọ́ yẹn, ẹnu mi ni kò sọ ọ́."

Ó dúró, ó ń wò mí. Ó ní, "Kí ló dé tí o fi ní kí n má ṣèyọnu?" Mo ní, "Ní ilé wa, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó yẹ kí o tún béèrè ni." Ó rò ó díẹ̀, bí ẹni tó ń wọn ilẹ̀. Ó ní, "Tò. Ṣé o máa fẹ́ mi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni kó tó parí rẹ̀. Ìyá béèrè pé kí là ń sọ. Ó sọ fún un. Obìnrin náà jọ̀wọ́ àtẹ fún mi lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀ ló kù kí èmi àti túwó jọ ṣubú, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lu itan rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo jẹun lọ́jọ́ náà. Wọ́n bù sí i, mo gbà á. Wọ́n tún bù sí i, mo tún gbà á. Ọkùnrin náà padà lọ tú ẹrù rẹ̀ kúrò nínú àpótí, kò sì lọ sí Minna.

A ti pẹ́ nínú ilé tiwa báyìí, ní Lugbe, kò jìnnà sí àǹtí mi àti àwọn abọ́ omi rẹ̀. N kò lo ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn fún un mọ́. Ọkọ mi ló yí padà ju èmi lọ: tó bá bu oúnjẹ fún mi tí mo kọ̀, á tún bi mí, á dúró, kò sì ní í gbé e lọ. Mo rò pé àṣà tèmi ti kú tán, mo tilẹ̀ ń fi yangàn níjọ Ọlọ́run. Láìpẹ́ yìí, èmi àti ọmọbìnrin wa lọ kí aládùúgbò wa, ìyá ará Ìlọrin kan. Ọmọ wa gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ìyá náà gbé wàràkàṣì díndín síwájú rẹ̀, ọmọ náà sì na ọwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní, "Ẹ ṣé mà." Kí n tó mọ̀, ojú mi ti yí. Ojú ìyá mi ni, bó ṣe rí ní Ògbómọ̀ṣọ́ gẹ́lẹ́. Ọmọ náà wò mí, kò mọ ohun tí ojú náà ń wí, ó bu wàrà jẹ.

Aládùúgbò wa kọjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, ìyá ọmọ?" Òórùn wàrà náà wọ̀ mí nímú, ikùn mi kùn. Mo ní, "Ẹ ṣé, mo ti yó."

Ọmọ mi gbé ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. Ó fa etí aṣọ ìyá Ìlọrin náà, ó ní, "Ẹ tún bi Mọ́mì. Dádì ní ó máa gbà."